Ilé Tí Ẹgbẹ́ Wa Yóò Máa Gbé

Bí oòrùn òní bá wọ̀ tí ẹgbẹ́ wa orí ayélujára kò tíì yan ilé tí àpótí rẹ̀ yóò máa gbé, òfin ẹgbẹ́ yóò tú wa ká. Láti àárọ̀ ni àpótí náà, kọ̀ǹpútà tó so wá pọ̀ tí a kò gbọdọ̀ pa, ti wà lórí tábìlì mi fún ìdánwò, tí gbogbo wa ń gba inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ Aláìṣòfò ni wá. Èmi ni alága.

Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Láti ìgbà tí mo ti ń fi fìtílà kàwé ni n kò ti fi ohunkóhun ṣòfò. Àbí ilé Màmá Abẹ̀jẹ́, níbi tí tẹlifíṣọ̀n ti ń bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru?"

Màmá Abẹ̀jẹ́ dáhùn láti Ìjẹ̀bú-Igbó pé, "Alága, ẹ fi ewúrẹ́ mi sílẹ̀. Wọ́n máa ń gbọ́rọ̀ jù yín lọ."

Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín, mo rántí àsáró mi lórí iná. Mo dìde, mo sì pa gbogbo ohun tó ń lo iná nínú yàrá, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Mo jẹun, mo ha ìsàlẹ̀ ìkòkò, mo padà wá. Àpótí ti tutù.

Mo sáré tan án. Ohùn Baba Oyèníran, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, ló kọ́kọ́ jáde: "Alága, gbogbo wa lẹ pa torí àsáró?"

A dìbò kíákíá. Màmá Abẹ̀jẹ́ ló wọlé. Kò sí ẹni tó ta kò ó.

Ó béèrè pé, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Alága?"

"Ẹ̀yin ni mo dìbò fún, Màmá. Mo mọ ẹni tó ń gbé ilé mi."