Páálí Mẹ́ta Lórí Tábìlì

Láràárọ̀, kí nọ́ọ̀sì tó lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń jókòó ti bàbá rẹ̀ nídìí tábìlì oúnjẹ, wọ́n á jọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá á ti wẹ̀, á ti de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ dé ọrùn, á sì ti máa retí rẹ̀.

Páálí pélébé ni wọ́n ń lò, àwọn tó ti gbó tí etí wọn ti ká. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wà lára ọ̀kan, gbòǹgbò wà lára èkejì, ìparí wà lára ẹ̀kẹta. Iṣẹ́ bàbá ni kó tò wọ́n pọ̀, kó sì sọ ìtumọ̀ odindi ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ Ẹtì ló máa dìde ka ìlà mẹ́ta níwájú èrò ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé àdúgbò, kò sì fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ó fi ọwọ́ òsì fa "help" sáàárín. Ó fi "ful" síwájú, ó fi "un" sẹ́yìn.

"Bàbá mi, ta ló ń dé fìlà sẹ́sẹ̀?"

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tì í. "Mo mọ̀ ọ́n," ó ní. "Kò ṣáà wá sẹ́nu mi ni."

Nọ́ọ̀sì ní ohun tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń wí nìyẹn.

Nígbà tí onígbàjámọ̀ àdúgbò yà kí wọn, bàbá sáré fi ìwé ìròyìn bo àwọn páálí náà, ó sì ń wo ìwé ìròyìn náà látòkè délẹ̀ bí ẹni tó ń kà á. Onígbàjámọ̀ béèrè ohun tó wà nínú ìròyìn. Bàbá ní kò sí nǹkan gidi kan. Ìyá nọ́ọ̀sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lọ́jọ́rú, sùúrù nọ́ọ̀sì tán. Ó ti pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ èyí. Bàbá kó páálí jọ, ó ní kó máa lọ. Nọ́ọ̀sì ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ìtìjú fi bò ó. Ó padà, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, bàbá mi. Ẹnu mi ló yá jù."

Bàbá tún tẹ́ páálí náà sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbé ọwọ́ kúrò: "un", "help", "ful".

"Ẹni tí kì í ṣèrànwọ́," ó ní. "Kì í ṣe ìwọ."

Lọ́jọ́ Ẹtì, bàbá di tábìlì mú, ó ka ìlà mẹ́ta náà tán, èrò gbọ̀ngàn sì dìde fún un, ọ̀pọ̀ wọn ti hewú, nítorí gbogbo wọn, títí kan nọ́ọ̀sì, ni ó kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé-ìwé yẹn fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó kó ọ̀rọ̀ lọ lórí rẹ̀.