Ilé Tí Màmá Yàn ní Málaga

Màmá ti yan ilé tá a máa lò fún ìsinmi ẹbí ní Málaga, ìlú kan létí òkun lórílẹ̀-èdè Sípéènì. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló ṣẹ́ kù tá a lè gbà á lóṣù kẹjọ, ẹni mẹ́ta míì sì ń wo ilé náà lórí fóònù wọn báyìí.

"Ó yá, tẹ ibi tí wọ́n ti ń gbà á!" Màmá gbá mi léjìká mú. "Orúkọ ọkọ ẹ ni kó o fi sí i o. Má fi tèmi sí i."

Fermín àbúrò mi ò gbà.

"Kò sún mọ́ òkun. Kò ní ẹ̀rọ agbéniròkè. Orúnkún yín ńkọ́? Màmá, ìsinmi la fẹ́ lọ ṣe, a ò lọ jagun."

"Ṣé ìwọ lo máa pọ̀n mí gun àtẹ̀gùn ni? Gbẹ́nu ẹ dákẹ́."

Mo fi orúkọ ọkọ mi sí i, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Fóònù dún. Onílé ti fèsì: "Ẹ káàbọ̀! Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa wọ ilé yìí nìyí?"

Mo kà á sétí wọn.

"Ẹ ṣáà mọ̀ pé yàrá ẹ̀yìn ilé yẹn ni bàbá yín dákẹ́ sí," ni Màmá sọ jẹ́jẹ́. "Ogójì ọdún ni mo fi gbé ibẹ̀, kí onílé yìí tó ní ká kó jáde, kóun lè máa fi háyà fáwọn tó wá lo ìsinmi."

Mo fèsì pé: "Bẹ́ẹ̀ ni, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí."