Oògùn Ọjọ́ Jímọ̀

“Yanu! Gbé ahọ́n sókè!”

Ọkùnrin náà yanu gbàgà. Nọ́ọ̀sì tẹjú mọ́ ọn, kò rí oògùn kankan níbẹ̀ mọ́. Ọkùnrin yìí ló fipá bá obìnrin lò pọ̀ ní àdúgbò Pedro. Àwọn ṣọ́jà tó ń ṣèjọba tú u sílẹ̀ lẹ́wọ̀n kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, wọ́n ní gbogbo Jímọ̀ ni kó máa gbé oògùn tó ń pa ìfẹ́ obìnrin mì níṣojú nọ́ọ̀sì. Bó bá kọ̀, ẹ̀wọ̀n ló ń padà sí. Oògùn ibà wọ́n bí ojú ní gbogbo Bàrígà, àmọ́ ìjọba kì í jẹ́ kí tiẹ̀ tán.

“Ó ń ṣiṣẹ́, mà,” ló wí. “Bí mo bá rí obìnrin báyìí, àfi bíi pé ògiri ni mò ń wò.”

Ìyá Hashim, aládùúgbò ilé ìwòsàn náà, já wọlé pẹ̀lú àkùkọ lábẹ́ abíyá.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí! Àkùkọ tí kì í jẹ́ kí adìẹ kankan sinmi, ó ti di fádà! Ṣe ló kàn ń jókòó láàárín wọn bí ẹ̀gbọ́n ìyá wọn!”

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. “Kí lẹ fún un jẹ, Màmá?”

“Kí ni mo ní láyé ṣọ́jà yìí? Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn yín níbí ló ti ń jẹ̀.”

Ọkùnrin náà dìde wéré, ó ní òun ń lọ. Ó wúkọ́ bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun. Ni àkùkọ bá já bọ́ lábẹ́ abíyá, ó sáré lọ dúró níwájú rẹ̀, ó na ọrùn, ó yanu, ó ń retí.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu nọ́ọ̀sì.

“Ìyá Hashim, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn.”