Tìmùtìmù Abẹ́ Àgbélébùú Kọ́lápọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, nítorí ìsàlẹ̀ ni egbò rẹ̀ wà.

1.

Kọ́lápọ̀, olùkọ́ ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó fi Ìlọrin ṣe ibùgbé, ló máa ń gbé àgbélébùú ìjọ wọn lọ́jọ́ Ẹtì Rere. Láti Táíwò Road ni wọ́n ti ń gbéra, ó di Challenge. Ọdún méjìlá gbáko, òun náà ni. Òfin kan wà níbẹ̀: ẹni tó bá sọ igi náà kalẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹlòmíràn ni yóò máa gbé e láti ọdún tó tẹ̀ lé e. Kọ́lápọ̀ ò sọ̀ ọ́ rí.

Bọ́sẹ̀dé, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ló rán aṣọ funfun tó ń wọ̀. Nígbà tó rí i pé igi ti bó ẹ̀gbọ́n òun léjìká, ó rán tìmùtìmù kékeré kan mọ́ inú aṣọ náà.

Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Bọ̀ọ̀dá mi, Jésù ò lo tìmùtìmù o!”

Kọ́lápọ̀ rẹ́rìn-ín. “Jésù ò ní àbúrò tó mọ aṣọ rán ni.”

2.

Lọ́dún tó kọjá, Bọ́sẹ̀dé lóyún, ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Lọ́kọ́jà. Dókítà ti sọ fún wọn pé irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, Kọ́lápọ̀ nìkan ló ní irú rẹ̀ nínú ẹbí. Kọ́lápọ̀ fọwọ́ sọ̀yà. “Ìgbà yòówù kó jẹ́, ẹ ṣáà pè mí.”

Ọjọ́ Ẹtì Rere gan-an ni ọmọ dé. Àúdù, mẹkáníìkì tó múlé ti Bọ́sẹ̀dé, ló fi mọ́tò gbé e lọ sọ́sibítù. Ọmọ bọ́ láàyè, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá ò dá. Wọ́n yẹ Àúdù wò. Ọlọ́run ṣe é, tirẹ̀ bá a mu. Ó na apá. Wọ́n gba àpò kan. Dókítà ní ó ku ọ̀kan sí i, kíákíá. Àkókò ìrun Jímọ̀ ti ń sún mọ́lé, ṣùgbọ́n mọ́sálááṣí kọ́ ni Àúdù kọrí sí.

3.

Ojú títì ló ti bá Kọ́lápọ̀ àti ìjọ rẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá, ẹ sọ igi yìí kalẹ̀! Bọ́sẹ̀dé ń kú lọ! Ẹ̀jẹ̀ yín ni wọ́n ń dúró dè!”

Kọ́lápọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn èèyàn ń yà á ní fọ́tò.

“Àúdù, Challenge ló kù yìí. Wákàtí kan péré. Sọ fún dókítà pé mò ń bọ̀.”

“Wákàtí kan kẹ̀? Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti fún un ní tèmi!”

Ìyá Ìjọ, àgbàlagbà tó ń rìn lẹ́yìn wọn, na ọwọ́ méjèèjì. “Kọ́lá, Símónì ará Kírénè bá Jésù gbé tirẹ̀. Gbé e fún mi, ọmọ mi.”

“Màmá, ẹ jẹ́ n parí iṣẹ́ Olúwa.”

Àúdù yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. “Ó dáa. Ẹ máa gbé igi yín lọ.”

4.

Kọ́lápọ̀ gbé e dé Challenge. Kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sáré wọ ọsibítù, apá rẹ̀ ti wà ní nínà láti ẹnu ọ̀nà. “Ẹ gbà á! Ẹ fa gbogbo rẹ̀!”

Nọ́ọ̀sì ò mú abẹ́rẹ́. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ fa apá aṣọ yín wálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bọ́sẹ̀dé béèrè yín kó tó dákẹ́. A ní ẹ ti ń bọ̀.”

5.

Lọ́dún yìí, ìjọ tún gbé àgbélébùú fún un. Ṣé kò ṣáà sọ̀ ọ́ kalẹ̀? Ó wọ aṣọ funfun náà, tìmùtìmù kàn án léjìká, ó rí ojú òwú tí Bọ́sẹ̀dé fi rán an. Ó bọ́ aṣọ náà kalẹ̀. Ẹlòmíràn ló gbé igi náà jáde.

Ìbùkún, ọmọ tí Bọ́sẹ̀dé fi sílẹ̀, ti ń rìn báyìí. Ó ń sá tọ Àúdù. Tí Kọ́lápọ̀ bá gbé e, ẹkún ni. Ìyá Kọ́lápọ̀ ò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. “Tíṣà” ló ń pè é, bí àwọn ará àdúgbò ti ń pè é.

Ẹ̀yin tó ń kà á, Jésù ò kú nítorí ká lè rí igi gbé kiri níwájú èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló fi sílẹ̀, kò sì ní ká dúró di ìgbà tí ọwọ́ òun bá dilẹ̀. Bí wọ́n bá pè yín lónìí, ẹ sọ ohun tó wà léjìká yín kalẹ̀, kí ẹ lọ. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe.