Ọmọ Kan, Abẹ́rẹ́ Kan

Lóṣù tó kọjá, ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Mushin, ọmọ kan gba abẹ́rẹ́ ibà lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà, ó sì kú. Ìyá rẹ̀ gbé e wá láàárọ̀, ó pè é ní Salome. Bàbá rẹ̀, tí kò mọ̀, gbé e wá lọ́sàn-án, ó pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Kọ̀ǹpútà kà á sí ọmọ méjì.

Oyèwọlé, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Yaba, ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ò le. Ọmọ Yorùbá wo ló ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo? Bàbá á sọ tirẹ̀, ìyá àgbà á sọ tirẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì á tún fi tiwọn kún un. Ẹni tó bá ń fi orúkọ wá ọmọ, wàhálà ló ń wá.

"Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣe é?" Nọ́ọ̀sì Gertrude bi í.

"Ṣé ẹ mọ mọ́ọ̀dì tí wọ́n fi ń yọ búlọ́ọ̀kù? Kíláàsì là ń pe tiwa. A ní èyí tó ń yọ àkọsílẹ̀ aláìsàn, a ní ti abẹ́rẹ́. Mẹ́tákíláàsì ni mọ́ọ̀dì tó ń yọ àwọn mọ́ọ̀dì yẹn. Òfin tí mo bá fi síbẹ̀, kò sí kíláàsì tó máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Òfin tó fi síbẹ̀ nìyí: bí orúkọ bàbá, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà fóònù ìyá bá ti bára mu, tí akọ tàbí abo sì bára mu, ọmọ kan náà ni; má ṣe ṣí àkọsílẹ̀ tuntun. Kò ka orúkọ ọmọ sí rárá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, Oyèwọlé wá jókòó ti nọ́ọ̀sì. Lọ́sàn-án, ìyá àgbà kan, Ìdíátù, tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé lánàá, pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wọlé. Ara ọmọ náà ń jó fòfò.

"Ìyá ẹ̀ ń sùn, kò fojú kan oorun lóru. Mi ò fẹ́ jí i," ó wí. "Àṣàbí ni mò ń pè é."

Ó sọ orúkọ bàbá ọmọ àti ọjọ́ tí wọ́n bí i, ó sì na fóònù rẹ̀ sí nọ́ọ̀sì kí ó wo nọ́ńbà ìyá ọmọ. Gertrude tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ohun tó jáde ni Tèmídayọ̀ Akínọlá, obìnrin, ó ti gba abẹ́rẹ́ láàárọ̀. Gertrude wo orúkọ náà, ó wo Oyèwọlé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màmá, ó ti gba abẹ́rẹ́. Ìyá ẹ̀ ti wá síbí láàárọ̀."

Ìyá àgbà rò ó wò. "Á jẹ́ pé ìgbà tí mò ń sùn ló jáde. Kò sọ fún mi. Àmọ́ ara ẹ̀ ṣì ń gbóná o."

"Abẹ́rẹ́ náà ò tíì ṣiṣẹ́ tán ni. Tá a bá tún gún un, ó lè gbẹ̀mí ẹ̀. Ẹ máa fi omi nu ara ẹ̀."

"Ẹ ṣé o, ọmọ mi. Ọlọ́run ló ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó." Ó pọn ọmọ náà padà, ó lọ.

Inú Oyèwọlé dùn débi pé omi lé sí i lójú. "Ọmọ kan la gbà là yẹn," ó wí.

Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, ìyá ọmọ jí, ó gbé Tèmídayọ̀, tí ibà ti lọ lára rẹ̀, lé ẹsẹ̀, ó fún un lọ́mú, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi sọ Kẹ́hìndé kalẹ̀ lẹ́yìn yín, kí n wò ó bóyá ó yẹ kí òun náà lọ gba abẹ́rẹ́," àmọ́ ìgbà tí wọ́n tú ọ̀já ni wọ́n tó rí i pé ọmọ náà ò mí mọ́.