Àgbo Inú Agolo

Láyí gbà pé kò sí ohun tí òun kò lè tà fún ọ̀dọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni, ó ń dé fìlà àwọn ọmọ ogún ọdún, ó sì ń pe àgbà àti ọmọdé ní "fam". Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan ní Barking nílùú òyìnbó ń wá ẹni tí yóò bá wọn ta àgbo àwọn ará Ṣáínà fún àwọn ọmọ ìwòyí, òun ni wọ́n ní kó dán an wò. Bí ọjà bá tà, iṣẹ́ gidi dé. Bí kò bá tà, yóò máa bá iṣẹ́ ẹrù gbígbé tó ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì A13 lọ, èyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kán an lẹ́yìn.

Gbòǹgbò àti òdòdó gbígbẹ ni wọ́n fi se àgbo náà. Wọ́n ti rọ ọ́ sínú agolo aláràbarà, ṣùgbọ́n ó ṣì korò bí ewúro tí a kò fọ̀.

Gbọ̀ngán ìjọ aláṣọ funfun kan ní Castle Green ni Láyí gbà láti fún àwọn ọmọ tọ́ wò. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe aládùúrà. Ṣọ́ọ̀ṣì tí pásítọ̀ ti ń wọ jíǹsì ló ń lọ, ó sì máa ń fi aláṣọ funfun rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọ̀dọ́ pọ̀ níbẹ̀, ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í sì í wo ẹnu àáké.

Màmá Àrínọlá, wòlíì ìjọ náà, kò jẹ́ kí wọ́n ṣí agolo kankan láìgbàdúrà sí i. Ó bi Láyí pé kí ni wọ́n ń fi nǹkan náà ṣe. Láyí ní àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni òun gbé e wá fún, pé ó ń mú ara tutù, ọkàn á sì balẹ̀. Màmá ní ó dára. Ó gbàdúrà sí àwọn páálí náà títí, Láyí ń tẹ fóònù, ó ń ṣe àmín nígbà tó bá rántí. Lẹ́yìn náà màmá pe àwọn ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Láyí rò pé ó ń kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má da nǹkan sílẹ̀ ni.

Àwọn ọmọ mu ún, ẹnikẹ́ni kò fajú ro.

Láàárín oṣù Karùn-ún, agolo ti ń tán ní ṣọ́ọ̀bù láti Barking títí dé Longbridge. Wúrà, ọmọ ìjọ náà, ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níléèwé, àwọn yẹn sì ti sọ fún tiwọn. Láràárọ̀ ni wọ́n ń dúró ní ibùdókọ̀ nínú aṣọ iléèwé, wọn á di ojú, wọn á gbé e mì lẹ́ẹ̀kan. Láyí ya fídíò ọmọkùnrin kan tó bọ́ bàtà kó tó mu tirẹ̀. Láyí ní adùn ló mú kó bọ́ ọ. Michelle, ọ̀gá rẹ̀ nílé iṣẹ́ àgbo, fi fídíò náà ránṣẹ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́.

Ní Sátidé, ẹnikẹ́ni kì í rà á. Láyí ní ọ̀dọ́ máa ń sùn pẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí iléèwé gba ìsinmi, agolo kan kò tà. Láyí ní òjò ló fà á, òjò sì rọ̀ lóòótọ́.

Nínú oṣù Kẹfà, ó ní kí wọ́n kó àgbo ẹ̀kún lọ́rì mẹ́rin wá fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Michelle ní bí ẹrù yẹn bá ti tà, iṣẹ́ di tirẹ̀. Láyí kò dúró dìgbà náà. Ó lọ sídìí iṣẹ́ ẹrù, ó sọ fún ọ̀gá ibẹ̀ lójú gbogbo òṣìṣẹ́ pé kó wá ẹrú mìíràn. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ní àárọ̀ tí lọ́rì dé, ó lọ dúró ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Wúrà nìkan ló rí, láìwọ aṣọ iléèwé, tó ń mu ẹlẹ́rìndòdò ọsàn. Ó bi í pé, "Fam, àgbo wa ńkọ́?"

Wúrà kúnlẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé, ó ní, "Màmá wòlíì said agolo kan kí a tó wọ exam kọ̀ọ̀kan, Uncle, Physics la sì fi parí ẹ̀ lánàá."