Obìnrin Tó Jókòó Lórí Maṣíìnì

Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Mo mọ̀ yín: ìlà méjì lẹ máa ń kà, ìka yín á ti máa wá ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlà méjì. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ sókè òkun, ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ kà á dé ìsàlẹ̀.

1.
Télọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, nítorí kò sí ohun tí o máa sọ tí kò ní ní òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń dirí níwájú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ebi ò pa wọ́n. Àfi bí télọ̀ òdìkejì ọ̀nà ṣe lọ sí ìlú òkèèrè, tó ń fi fọ́tò ránṣẹ́. Oorun dá lójú Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ìwé ìrìnnà tirẹ̀ jáde; ti ìyàwó ku oṣù mẹ́rin. Oṣù mẹ́rin péré! Ẹ̀gbọ́n ìyàwó bẹ̀ ẹ́: "Àna mi, ẹ dúró dè é. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa fẹ̀sọ̀ mú tiyín níbí. Kí n tó débẹ̀, onítọ̀hún á ti rán aṣọ gbogbo ìlú tán!"

Ó ta ṣọ́ọ̀bù. Ó ra ìwé obìnrin mìíràn tó fojú jọ ìyàwó rẹ̀. Nínú fọ́ọ̀mù tirẹ̀, ó kọ ọ́ pé òun ò láya.

2.
Nínú ọkọ̀ òfurufú, ìyàwó ṣí ìwé náà. Orúkọ inú rẹ̀ gùn, ahọ́n rẹ̀ ò lè yí i.

"Ọkọ mi, kí ni mò ń jẹ́ níbí yìí?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi lò ń jẹ́."

"Mi ò ṣeré o. Bí wọ́n bá bi mí ńkọ́?"

"Ta ló máa bi ọ́ níbi tí mo wà? Sun oorun rẹ, jàre."

Nígbà tí wọ́n balẹ̀, ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n tò sí, bí ẹni tí kò mọra rí. Ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì wo fọ́tò, ó wo ojú obìnrin náà, ó lu òǹtẹ̀. Kò bi í ní nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe jáde báyìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n nawọ́: "Mú un wá. O máa sọ ọ́ nù."

Ìwé méjèèjì wọ inú báàgì tó fi kọ́ àyà. Ẹ rántí báàgì yẹn.

3.
Ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n gbà. Èrò ń lọ, èrò ń bọ̀, kò sẹ́ni tó ń wojú ẹnìkejì. Ìyàwó kí ẹni àkọ́kọ́, ó kí ìkejì, ó kí ìkẹta. Nígbà tó kan ẹnì kẹrin, ẹnu rẹ̀ pa dé fúnra rẹ̀.

Orí maṣíìnì ìránṣọ ọkọ rẹ̀ ló ń wọ́ nílẹ̀, tí wọ́n fi ìró wé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò gbà láti fi sílẹ̀: "Irú irin báyìí ò sí mọ́ láyé!" Ṣùgbọ́n apá ti ń ro ó, ó sì ti gbé e lé ìyàwó lọ́wọ́.

Ọkọ̀ dé. "Jẹ́ kí n sáré gba àyè fún wa!" Ó fi èjìká ya èrò, ó wọlé. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ láti gbé maṣíìnì. Ilẹ̀kùn pa dé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ń lu gíláàsì. Ìyàwó ń rí ẹnu rẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa dé, kò gbọ́ nǹkan kan. Ọkọ̀ lọ. Ó jókòó lórí maṣíìnì, nítorí ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ nínú gbogbo ìlú náà nìyẹn.

4.
Agbófinró méjì dé, wọ́n ní kó mú ìwé wá. Ó bú sígbe: "Yéè, mo gbé!" Màmá kan tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ gbọ́ èdè rẹ̀, ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wá.

"Ọmọ mi, wọ́n ní kí lorúkọ rẹ?"

"Èwo níbẹ̀, Mà?"

Màmá káwọ́ lérí. "Háà. Ìwọ náà!"

Ìyàwó sọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n wá a nínú kọ̀ǹpútà: ẹni bẹ́ẹ̀ ò wọ̀lú. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sọ orúkọ ọkọ rẹ̀, èyí tí kò pè síta rí láti ọjọ́ tó ti wọlé rẹ̀. Wọ́n rí ìyẹn. Ó wọ̀lú láàárọ̀ yìí. Kò níyàwó.

"Rántí ti inú ìwé, ọmọ mi, gbìyànjú."

"Kò kọ́ mi, Mà. Ó ní ìyàwó òun ni mò ń jẹ́."

5.
Ọ̀jọ̀gbọ́n padà dé, òógùn bò ó. Ojú ìyàwó là: "Ọkọ mi rèé! Ẹ bi í!"

Agbófinró yíjú sí i. Màmá túmọ̀: "Wọ́n ní ṣé o mọ obìnrin yìí?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n di báàgì mú. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á dá àwọn méjèèjì padà sí ibi tí kò ti sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, télọ̀ òdìkejì á sì gbọ́.

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Wò ó dáadáa. Ọmọ ọlọ́mọ ni o."

"Màmá, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ṣì mí mú ni."

Ìyàwó dìde lórí maṣíìnì. Kò sunkún mọ́. "Ẹ bá mi sọ fún wọn, Mà, òótọ́ ló sọ. Mo ṣì í mú ni. Ọkọ mi ga ju báyìí lọ."

Wọ́n mú un lọ. Wọ́n gbé maṣíìnì náà tẹ̀ lé e, nítorí ẹrù obìnrin tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ò mọ̀ ni.

6.
Ó ti di ọdún márùn-ún. Obìnrin náà ò délé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti lọ wádìí láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, ohun kan náà ni wọ́n ń bi í: "Orúkọ wo?" Èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, wọn ò rí i. Èyí tó wà nínú ìwé, inú báàgì ọkọ ló wà lọ́jọ́ náà, wọn ò fi orúkọ yẹn mú un. Èyí tí wọ́n wá kọ fún un, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀, bọ́tìnnì ló ń gán fún ẹlòmíì nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ń pè é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kì í gbé e. Bó bá gba ibùdó náà kọjá, Màmá agbálẹ̀ kì í jẹ́ ìkíni rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹrù yín wà nílẹ̀, ẹ dúró de ìwé tiyín. Kí oníkálukú mú tirẹ̀ sọ́wọ́ ara rẹ̀, kó sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹnu òun tó ẹni méjì, ẹ wo ẹnu náà lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bá bà á. Ó yá, ẹ lè wá fi ránṣẹ́ báyìí.

Irọ́ a máa tanná. Kì í so.